Obìnrin Tó Ní Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́

Bẹ́ẹ̀dì òkè ni mo ń sùn sí nígbà yẹn, nínú yàrá kan tí àwa obìnrin mẹ́fà pín ní Abu Shagara, ní ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, níbi tí òórùn ata dídín kì í ti í kúrò lára aṣọ ẹni. Ọdún keje nìyẹn tí ọmọ mi obìnrin ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Ilé oníyàrá kan ni mo fẹ́ rà ní Dubai kí ó lè wá bá mi. Nígbà tí onílé dá iye lé e, inú mi dùn, àyà mi sì já, torí ó ti pọ́ọ́kú jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà mo mọ ìwádìí ṣe. Orúkọ ọkùnrin onílé náà nìkan ló wà nínú ìwé ilé, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ra ọsàn, mo lọ bá síkiọ́rítì ilé gogoro tí ilé náà wà nínú rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, bí ẹni tó ń wá yàrá.

Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. "Àǹtí, ẹ má ní èmi ni mo sọ fún yín o. Ìyàwó onílé yẹn ṣì ń wá ní every Friday. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní owó àwọn méjèèjì làwọn fi ra flat yẹn."

Mo dúpẹ́, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní bí obìnrin náà bá yọjú lọ́la, màá sọ pé n kò gbọ́ rí. Mo pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Àwọn tó ń bá wa ṣètò títà ilé náà tún ní kí n gba adójútòfò fún ìwé ilé náà. Mo fura sí ìyẹn náà: bí ojú ọ̀run bá mọ́, kí ni wọ́n ń ta agbòjò fún mi fún? Ní ọ́fíìsì àwọn adójútòfò náà ní Bur Dubai, akọ̀wé kan fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Bí ẹnìkan bá jáde lẹ́yìn tí mo ti ra ilé tán, tó ní òun ló ni ín, àwọn ni yóò bá a ṣẹjọ́, àwọn ni yóò sì san ohun tí mo bá pàdánù. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé mo ti rí ẹni tí yóò bá mi gbé ẹrù obìnrin yẹn.

Ó wá ka ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú fọ́ọ̀mù. "Madam, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ sí ilé náà?"

"Tí mo bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ la máa ń dúró fún. Èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀, tẹ́ ẹ fi pa mọ́, ẹ̀yin lẹ máa rù ú."

Ojú tì mí. Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Wọ́n ní kí onílé mú ìyàwó rẹ̀ wá fọwọ́ sí i, láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ìpè mi mọ́. Ọmọ mi lo ọdún méjì sí i ní Abẹ́òkúta kí n tó rí ilé mìíràn.

Ìfura loògùn àgbà, ìyá mi kì í yé sọ ọ́. Mo fún onílé lò, mo fún akọ̀wé lò, èmi nìkan ni n kò bù fún. Nígbà tí ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo ní obìnrin kan wà nínú ilé tí mo kọ́kọ́ rí. N kò tíì sọ fún un pé díẹ̀ ló kù kí n ti obìnrin náà síta.