Fèrèsé Pálọ̀ Ìyá Onílé

Ọmọ mi máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, fíìmù wà nílé, kí lẹ tún ń lọ wá ní sinimá?" Lọ́jọ́ Sátidé, òórùn ẹja yíyan ń bọ̀ lára obìnrin tó jókòó tì mí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè lé e. Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní Ẹgbẹ́dá, nígbà èwe mi, pálọ̀ ìyá onílé wa nìkan ni fídíò wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa ọmọ ayálégbé ti fọ ẹsẹ̀, a ti jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, nígbà tí màmá mi ti ìdí ẹja tó ń yan wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ bọ́ síta jàre! Ṣé ẹja lẹ fẹ́ fi kun kápẹ́ẹ̀tì mi ni? Ẹ lọ wò ó lójú fèrèsé."

Ìyá onílé kéré sí màmá mi lọ́jọ́ orí, kò tilẹ̀ fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà lé mi.

Màmá mi dúró sójú fèrèsé títí fíìmù fi parí.

Mo ti dàgbà kí n tó rò ó dáadáa pé ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ni fèrèsé yẹn wà: kò sí ohun tó lè rí níbẹ̀ ju ojú mi tó ń rẹ́rìn-ín lọ.