Ọdún Tí Ìyá Mi Padà Sídìí Tábìlì Olúwa

Òórùn ṣítáàṣì gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ọkàn mi bá ti lọ sí ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta. Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gun orí páànù, ìyá mi á ti kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, á fẹ́ ẹ títí á fi pọ́n, á wá tẹ́ aṣọ pẹpẹ sórí tábìlì gígùn tó wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi àti Káyọ̀dé, àbúrò mi, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife ògì àti àkàrà lọ́wọ́, a ó máa wo bí omi tó wọ́n sára aṣọ ṣe ń dún ṣìì lábẹ́ irin. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò yẹn, ẹ ó rántí fèrè ilé iṣẹ́ rélùwéè tó máa ń jí gbogbo wa. Nílé tiwa, òórùn aṣọ yẹn ti máa ń jí wa ṣáájú fèrè.

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ àwọn akọ̀wé rélùwéè àti ti àwọn tíṣà tó ń gbé ní Yábàá ló ń fọ̀, ṣùgbọ́n Sátidé jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í gba owó kankan lórí ìyẹn. Bí a bá ní kó jẹ́ ká sinmi àdúrà àárọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á ní, "Ẹni tó bá ní òun ń sin Ọlọ́run, kó sìn ín délẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ láìparí, òun náà ló máa sọ. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ Sunday tí a rò pé a ò ní lè jáde, á wọ bàtà rẹ̀, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì dìde.

Bàbá mi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, tó jẹ́ pé inú ilé ìwẹ̀ nìkan la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Tó bá ti da omi sórí, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló kàn, àwọn ará ojúlé kejì á sì máa gbè é láti inú ọgbà tiwọn. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Ọ̀yìngbò, Ìyá Ọlọ́jà ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè é. Ìyá mi ni ìyàwó kejì. N kò rántí ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá Ọlọ́jà ló ń di irun mi, ìyá mi ló sì ń fọ aṣọ Ìyá Ọlọ́jà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan kan wà. Lẹ́yìn ìwàásù, àwọn tí kò ní í gbà á máa ń jáde. Bàbá mi á dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá mi náà á fà wá lọ́wọ́, a ó lọ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó kù níta á máa tàkúrọ̀sọ. Ìyá mi kì í bá wọn sọ̀rọ̀. Ó máa ń kọjú sí fèrèsé, ẹnu rẹ̀ á máa mì bí àlùfáà bá ti ń gbàdúrà nínú lọ́hùn-ún. Ó mọ àdúrà náà látòkè délẹ̀.

Ilé àlùfáà kan ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé e lórí, ó sì ti ń gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́bìnrin. Nígbà tó wá fẹ́ bàbá mi, tí ìyàwó ti wà nílé rẹ̀, ìjọ yọ ọ́ kúrò nídìí tábìlì Olúwa. Ó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè kọrin, ó lè fọ aṣọ pẹpẹ, ṣùgbọ́n wọn ò ní í fún un ní búrẹ́dì àti wáìnì. Ó gbà bẹ́ẹ̀, kò ráhùn, kò sì wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn lọ.

Ká ní àlùfáà àgbà tó mọ ìtàn rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ ni, bóyá báyìí náà là bá ṣe máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé àlùfáà yẹn lọ síbòmíì, ọ̀dọ́ àlùfáà kan sì dé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọlé wá bá wa lọ́jọ́ Sátidé, tí áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi.

Ó fi orúkọ mi pe ìyá mi, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹni tí kò lè wá sídìí tábìlì, kò yẹ kó máa tọ́jú aṣọ rẹ̀."

Ìyá mi ò bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó parí etí aṣọ tó ń lọ̀, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó da èédú inú áyọ́ọ̀nù sínú omi. Kò lọ aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú mi dání lọ sílé àlùfáà. Àlùfáà náà kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó fún wa ní ìjókòó, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá Dúpẹ́, kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin," ló wí. "Ọ̀nà kan ló wà. Bí ẹ bá kúrò nílé Bàbá Dúpẹ́, tí ẹ lọ dá gbé, ìjọ á gbà yín padà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

"Ẹ lè kó wọn dání. Bàbá wọn lè máa wá wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ yàrá yín."

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ra ẹ̀pà sísè fún mi lójú ọ̀nà, ó sì gbàgbé láti fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà títí a fi délé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́ fún bàbá mi. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni, bàbá mi ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èmi ni mo ń bá a di ọ̀pá tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mú. Ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ pátá láìsunkún. Bàbá mi fi táyà sílẹ̀.

"Ìyá Dúpẹ́," ló wí, "ṣé èmi wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọkọ mi ni yín. Ṣùgbọ́n mo ti dúró síta pẹ́ jù."

"Ọlọ́run ò rí ọ níta tóo wà ni?"

Bàbá mi wò ó títí, ó wá ní kí n lọ máa ṣeré. Ìyá Ọlọ́jà ló sunkún nígbà tó gbọ́. Ó ń bi ìyá mi pé, "Ta ló lé ọ? Ṣé èmi ni mo ṣe nǹkan kan fún ọ?" Ìyá mi sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan fún òun.

A kó lọ sí Pápá Àjàó ní Mushin. Bọ́lẹ̀kájà ló kó ẹrù wa, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sì so bẹ́ẹ̀dì ìyá mi mọ́ ọn. Yàrá kan la gbà nínú ilé àwọn Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ariwo ayùn ni láti òwúrọ̀, eruku pákó á sì máa bà lé aṣọ tí ìyá mi bá sá. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Ìyá onílé wa bi ìyá mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọkọ yín ò lù yín, kò fi ebi pa yín. Kí lẹ wá kúrò nílé rẹ̀ ṣe?" Ìyá mi ní, "Nítorí Ọlọ́run ni." Ìyá onílé náà mi orí, ó ní kí Ọlọ́run bá wọn gbà á. Inú bí mi sí i pé kò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi ìyá mi léèrè títí kò fi ní í rí ìdáhùn mọ́.

Nígbà tó ti gbé ibẹ̀ tó àsìkò tí ìjọ ní kó fi dá gbé, ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á padà pé. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ní kí n bá òun di bọ́tìnì ẹ̀yìn. Bàbá mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo rí i ní ìjókòó ẹ̀yìn tó máa ń jókòó sí. Nígbà tí ìwàásù parí, ó dìde pẹ̀lú àwọn tó ń jáde, ṣùgbọ́n kò jáde tán. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí ìyá mi fi dé iwájú tó sì kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ̀yìn sí wa, ó sì lọ.

Nígbà tí ìyá mi padà sí àyè rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn tó wá dé. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ń wò.

Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí bàbá mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ó ń wá sí Pápá Àjàó o, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì àti sadíìnì. Lórí bẹ́ǹṣì àwọn káfíńtà níta ló ń jókòó. Ìyá mi á gbé omi lé mi lọ́wọ́ kí n gbé e fún un, òun náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á máa kí ara wọn láti ọ̀ọ́kán. "Ṣé àlàáfíà ni?" "A dúpẹ́, sà." Bí àjèjì. Bí Káyọ̀dé bá fẹ́ fà á wọlé láti fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn án, á rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà, á ní kó gbé ìwé náà wá síta.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè gbé e lọ sí Zaria. Ó wá dágbére. Ó bi ìyá mi bóyá á bá òun lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ìyá mi ní, "Ọlọ́run mọ̀ wá níbẹ̀, sà." Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan orí àwa ọmọ. Ìyá Ọlọ́jà bá a lọ. A kò rí bàbá mi láàyè mọ́. Ibà ló pa á lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti sin ín kí ìròyìn tó kàn wá. Ìyá Ọlọ́jà padà wá sí Èkó, ó sì wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó sọ bó ṣe kú fún wa. Ó ní láti ọjọ́ tí ìjọ ti gba ìyá mi padà, bàbá mi kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́, kò sì kọrin mọ́ nínú ilé ìwẹ̀. Bí òun bá bi í, á ní kò sí nǹkan kan.

Ìyá mi wọ aṣọ dúdú. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní opó bàbá mi nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ó wọ dúdú lọ sídìí tábìlì Olúwa fún odindi ọdún kan, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ funfun. Àlùfáà rí i, ó sì fún un ní búrẹ́dì. Ìgbà yẹn ni mo gbìyànjú láti bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ń sá aṣọ lọ́wọ́, kò dúró.

"Mo fẹ́ràn bàbá yín," ló wí. "Mi ò sì lè fi Ọlọ́run sílẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní kí n mú ọ̀kan."

Ìyá mi sin Ọlọ́run délẹ̀. Ó dàgbà, ó darúgbó, kò yẹ̀ níbì kankan, orúkọ rẹ̀ sì dùn lẹ́nu gbogbo ìjọ lọ́jọ́ tí a sin ín. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bàbá mi.

Àdúgbò Àgùdà ní Èkó ni mò ń gbé báyìí. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń kúnlẹ̀ gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ bí ó bá ti kàn. Òfin tó lé ìyá mi síta ti rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń rò pé mo ń sọ àsọdùn ni. Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé ìyá wa fẹ́ràn Ọlọ́run ju àwa lọ, ó sì fi ìbínú yẹn dàgbà. Mo ti ju ìyá mi ìgbà náà lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. N kò bínú sí i mọ́, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ó ṣe é re, n kò sì lè sọ pé kò ṣe é re. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé kò sẹ́ni tó ní kí èmi yan ohunkóhun rí. Ọ̀nà ti tẹ́jú fún mi láti ilé dé ìdí tábìlì yẹn. Bí mo bá kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo máa ń wo ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó la ẹnu.