Òòlù Bàbá Mi Kì í Léfòó

Ará òkè ni ọkọ mi. Ìfẹ́ ló gbé e dé etí omi, ìfẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kí n tì í sómi lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Pákó afárá ẹnu ọ̀nà wa ló ń mì. Ó ní òun á tún un ṣe. Mo ní ó dáa, mo wọlé lọ yan ẹja. Mò ń gbọ́ gbà, gbà, gbà, inú mi ń dùn pé èmi náà lọ́kọ. Nígbà tó yá, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo yọjú. Ọkọ mi ló jókòó létí afárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dìrọ̀dìrọ̀, ó ń mu gààrí, ó tẹjú mọ́ omi.

"Ẹ ti parí ni?"

"Òòlù ló bọ́ sómi. Má ṣèyọnu, igi ṣáà ni. Mò ń dúró kó léfòó."

"Òòlù wo?"

Ó gbé abọ́ gààrí bojú. Yéè! Òòlù bàbá mi!

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ń kàn ní Abereke nígbà ayé rẹ̀. Òkun ti gbé ilé rẹ̀ lọ, ó gbé sàréè rẹ̀ náà lọ. Òòlù onígi tó fi ń gbá òwú wọ àárín pákó ọkọ̀, kí omi má baà wọlé, nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Irú igi tí a fi ń ṣe òpó ilé wa nínú omi ló fi gbẹ́ ẹ. Igi yẹn kì í léfòó láéláé, rírì ló ń rì bí òkúta. Ọmọdé àdúgbò wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kúkú máa dúró títí Jésù á fi dé!" Mo ká ìró mi, mo bẹ́ sómi.

Omi mù mí dé àyà. Mò ń fẹsẹ̀ wá inú ẹrẹ̀: agolo, bàtà ẹnìkan, ìkòkò ọbẹ̀ tí mo ti tìtorí rẹ̀ bá aládùúgbò mi jà. Kò sí òòlù. Ẹkún ti ń gbọ̀n mí. Bí n ò bá rí i, kí ni mo fẹ́ tọ́ka sí pé ti bàbá mi nìyí?

Mo mòòkùn lọ sísàlẹ̀, mo fọwọ́ tú ẹrẹ̀. Igi kan nìyí. Mo dì í mú. Ibi tí àtàńpàkò bàbá mi ti jẹ ìdìmú òòlù náà títí tó fi jin díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àtàńpàkò tèmi bọ́ sí. Mo sunkún lábẹ́ omi, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Nígbà tí mo yọrí, ọkọ mi ti dojú bolẹ̀ lórí afárá, ó nawọ́ sí mi.

"Gbé òòlù wá ná, kí n bá ọ mú un, kí o lè gòkè."

Mo di òòlù mọ́ àyà, ọwọ́ mi tó ṣófo ni mo nà sí i.