Ẹni Tó Ń Ké Òjò Lórí Àpáta

Nínú gbogbo àwa obìnrin tó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta ní Ṣábẹ̀ẹ́, ojú Ẹ̀gbọ́n Àwáwù ló mú jù. Kí òjò tó ṣú, ó ti rí i. Á fọwọ́ ṣíji bo ojú, á wo ẹ̀yìn òkè, á wá fi igbe ta: "Òjò o!" Ẹni tó bá gbọ́ á dáhùn, "A gbọ́ o!", a ó sì sáré gun àpáta. Kò sí pé èyí tèmi, èyí tìrẹ. Èlùbọ́ tó bá sún mọ́ ọ ni wàá kó. Kò sí ẹni tó ń mú ìjà wọ inú rẹ̀.

Àfi Àwáwù àti Sàfiátù, aládùúgbò rẹ̀. Ibi tó ń tètè gbẹ lórí àpáta ni wọ́n jọ ń lé. Sàfiátù sá tirẹ̀ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Àwáwù ní ọmọ àná ń fojú di òun, ó di kèéta. Ẹ gbọ́ ná, nítorí ojú àpáta! Àpáta tó kún Ṣábẹ̀ẹ́ bí ẹrù tí Ọlọ́run gbàgbé!

Lọ́dún tí ìjọba kọ́kọ́ ní ká máa pe ara wa ní kamarádì, dẹ́lẹ́gẹ́, olórí àdúgbò wa, kó gbogbo àdúgbò lọ sí ìpàdé ní apá Plateau nínú ìlú. Àwa mẹ́ta péré la kù: Àwáwù lórí àpáta, èmi nílé pẹ̀lú ọmọ mi tí ara rẹ̀ kò yá, Sàfiátù nínú yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Àkọ́rọ̀ òjò ṣú lẹ́yìn òkè. Àwáwù rí i. Ó kó èlùbọ́ tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbé e rù, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò ké.

Ìgbà tí Sàfiátù fi gbọ́ òjò lórí páànù, ó ti ń rọ̀ kíkankíkan. Ó sáré gun òkè lọ kó èlùbọ́ rẹ̀. Àpáta tútù kò mọ aboyún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́. Kí àwọn tó lọ ìpàdé tó dé, àti òun àti oyún ti lọ.

Láti ìgbà náà, bí ìgbà òjò bá ti wọlé, orí àpáta lẹ ó ti bá Àwáwù. Bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, á ké, "Òjò o!" Àwọn ọmọdé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun á dẹtí sílẹ̀. Ó ní Sàfiátù ń dáhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àánú rẹ̀ ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gun òkè lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Marcel, ká ní ẹlòmíì rí òjò yẹn lọ́jọ́ náà, ṣé ì bá ké?"

"Ì bá ké, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ wo ẹnu mi! Èmi náà rí i lọ́jọ́ náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí òjò tó dúdú bí ìdí ìkòkò, mo rí Àwáwù tó ń palẹ̀ mọ́. Mo ní kí ló kàn mí, ẹni tó ni igbe kó ké. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Lọ́yẹ́ tó kọjá ni Àwáwù kú. Lánàá, òjò ṣú, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo ké: "Òjò o!" Gbogbo àdúgbò dáhùn. Ìgbà tí wọ́n panu mọ́, ohùn méjì ṣì ń dáhùn láti orí àpáta. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan.