Bí A Ṣe Gbé Àbúrò Mi Dé Láti Igbó Gẹdú

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí wọ́n gbé àbúrò mi wọ gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn dókítà bí ogún tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti Ìbàdàn àti Èkó wá. Ọ̀rọ̀ orí tó fọ́ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tó dá ni wọ́n torí rẹ̀ pé jọ. Wọ́n ní igbó wa ń fi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ gan-an.

Ó ti di oṣù karùn-ún tí ẹ̀ka igi ti já lé àbúrò mi lẹ́yìn níbi tí a ti ń gé gẹdú. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́. Àwa rò pé ìpàdé ìwòsàn ni. Bí dókítà kan kò bá mọ̀ ọ́n, ogún yóò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti kun bàtà rẹ̀ ní dúdú, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí itan. Ó ní ọkọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ lásán rìn wọ àdúgbò wa ní Òkè-Sopẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ ń ka ìwé fún ara wọn. Wọ́n ń gbé àwòrán egungun sókè sí ojú fèrèsé. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ẹnì kan ní òun ṣì ń wá ohun tí yóò mú kí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn tó já so padà. Ó ní òun kò tíì rí i. N kò sọ ìyẹn fún ìyàwó àbúrò mi.

Nígbà tó kàn wá, àbúrò mi wo gbogbo wọn yí ká.

“Gbogbo ọdún tí mo fi gé ìrókò,” ó ní, “kò sí ẹni tó wọ táì wá wò mí.”

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọn, òyìnbó arúgbó kan, fi abẹ́rẹ́ gún un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìdodo. Àbúrò mi ń wo àjà. Dókítà kékeré kan, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ló ń túmọ̀. Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. Àbúrò mi ní ó ń mì, òun tilẹ̀ fi ta ẹni tó ń fa òun nípàá. Wọ́n wá béèrè ẹni tó gbé e wálé, àti bó ṣe gbé e.

Mo dìde. Mo ní èmi ni. Iṣẹ́ mi nínú igbó ni kí n máa fi òòlù lu àmì sára gẹdú, èmi sì ni mo dàgbà jù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin ti gé ọ̀pá tí wọn yóò tẹ́ ẹ lé láti gbé e ní ìdùbúlẹ̀, mo ní kí wọ́n jù ú nù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá gbé ní ìdùbúlẹ̀ láti oko wọ ìlú, òkú ni. Ìyá wa wà láàyè. N kò fẹ́ kó sunkún ẹni tó ń mí. A gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́, a fi ọ̀já dè é, ẹnì kan ń tì í, èmi di èjìká rẹ̀ mú kó lè dúró ṣánṣán. Lọ́rì gẹdú ti gbẹ́ kòtò sí gbogbo ọ̀nà náà. Nígbà tó yá, ó ní òun kò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́. Mo dá a lóhùn pé àárẹ̀ ni.

Òyìnbó náà kò bínú. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn yòókù. Dókítà kékeré kò túmọ̀ rẹ̀.

“Kí ló wí?” ìyàwó àbúrò mi béèrè.

Dókítà náà wojú mi. “Bàbá, ṣé kí n sọ ọ́?”

Mo ti gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́.

“Ó ní igi ló fọ́ egungun, ọ̀nà ló já mùdùnmúdùn. Ká ní a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn lásán, bóyá ì bá rìn.”

Mo bi wọ́n bóyá ó ṣì lè rìn. Òyìnbó náà mi orí pé rárá.

“Láti ojú ọ̀nà ni mo ti mọ̀,” àbúrò mi wí. “Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n.”

Ìyàwó rẹ̀ kò wò mí. Ó ta kókó kejì sí aṣọ tó fi wé bàtà náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó mi kúrò lára ògiri. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú, n kò sì ṣí i láti ìgbà náà. Mo gbé ilẹ̀kùn náà sínú lọ́rì tó ń lọ sí igbó. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń gé igi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo sọ fún àwọn ọkùnrin pé orí rẹ̀ ni kí wọ́n máa tẹ́ ẹni tí igi bá bà, kí wọ́n sì gbé e wọ̀lú bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ké kó ké. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní kí n dìde, pé n kò tíì kú.

“Ẹ gbé mi,” mo wí.

Mẹ́rin nínú wọn gbé mi dé ìdí lọ́rì.