Ọwọ́ Tó Bo Ẹnu Àgbá

Ilé òkúta ńlá kan wà lórí òkè ní Toronto tí wọ́n kọ́ bí ààfin ọba. Òórùn irin tí òjò pa ló máa ń wà lágbàlá rẹ̀, títí dòní ni òórùn yẹn sì ń bà mí nínú jẹ́. Bàbá mi ló wá láti ilé kí wa ní Bramalea tí à ń gbé nítòsí Toronto, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ wọn ti mọ ìlú òyìnbó, ni mo bá kó gbogbo wa lọ síbẹ̀.

Àgbá ayé àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ìbọn tó nípọn bí ìtí ọ̀pẹ. Mo ní kí ọmọbìnrin mi dúró síwájú rẹ̀ kí n yà á ní fọ́tò. Bí mo ṣe tẹ fóònù báyìí, bàbá mi ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu àgbá náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ ń ba picture jẹ́.”

“A kì í kọ ẹnu ìbọn sí èèyàn.”

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. “Grandpa, it's empty!”

Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń wò wá, ojú sì ń tì mí. Mo di ọwọ́ bàbá mi mú, ọwọ́ tó tọ́ mi dàgbà, mo fà á kúrò bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Mo wá ya fọ́tò mi. Ó dára gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ń mú àlejò yíká sọ ìtàn àgbá náà, èmi ni mo sì ń túmọ̀ fún bàbá mi. Ó ní òkè òkun ni wọ́n ti rọ ọ́, ó ti wó odi ìlú rí. Nígbà tí ogun tán, wọ́n gbé e síta, àwọn ọmọdé ń gùn ún ṣeré láti ìran dé ìran. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ inú rẹ̀ ni wọ́n tó bá ẹ̀tù àti ọta níbẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn náà láìwo ojú wọn. Bàbá mi kàn mirí.

Nínú ọkọ̀ ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àbúrò wọn kan kú sí ìgbẹ́ ọdẹ, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dá ìtàn náà dúró sí fún wa.

“Ọwọ́ mi ni ìbọn wà,” ni wọ́n wí. “Mo rò pé ó ṣófo ni.”

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n máa wo ọ̀nà. Wọ́n ti padà sílé báyìí, a sì jọ ń ṣàwàdà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì ń dá mi lẹ́bi. Fọ́tò àkọ́kọ́, èyí tí mo ní ọwọ́ wọn bà jẹ́, òun ni mo gbé kọ́ sí pálọ̀. Mi ò lè wo ìkejì. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹnu ìbọn, kò sì sẹ́ni kankan láàárín òun àti ìbọn náà.