Èso Oko Àtòsìn

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí àlùfáà ṣe ń da omi sí ọmọ-ọmọ mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Aládé, òórùn kòkó tí wọ́n sá sítòsí gba ojú fèrèsé wọlé. Àlùfáà ń sọ pé inú ẹ̀ṣẹ̀ la bí gbogbo wa sí, ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù. Ọmọbìnrin mi tẹnu bọ̀ mí létí: "Màámi, kí leléyìí fi jẹ èso? Kò mà tíì léyín!"

Ẹ̀rín pa àwọn tó gbọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi ni Àdùkẹ́ ní kíláàsì ìrìbọmi. Apá Ìwó ni wọ́n ti wá, bàbá rẹ̀ sì ń bá bàbá mi àgbà dáko ní Àtòsìn. Àdéhùn wọn ni pé kó gbin kòkó, kó tọ́jú rẹ̀, tó bá ti ń so, kí wọ́n pín oko náà sí méjì. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé kóró kòkó tútù dùn ju ṣokoléètì yín lọ. Abẹ́ igi kòkó oko náà ni èmi àti Àdùkẹ́ ti máa ń pọ́n ọn lá títí ètè wa á fi máa lẹ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń bínú sí olùkọ́ ìrìbọmi wa, tó ní a jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù. Mo ní kí ló kàn mí nínú ohun tí Ádámù jẹ? Ṣé ó bù fún mi ni? Àdùkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé kóró mì.

Ọdún tí kòkó náà so dáadáa ni bàbá àgbà ní òun ò mọ àdéhùn kankan. Àdùkẹ́ àti àwọn òbí rẹ̀ di ẹrù wọn. Mo sunkún tẹ̀lé Àdùkẹ́ dé etí títì, mò ń bẹ̀ ẹ́. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi.

"Ìwọ kọ́. Bàbá yín àgbà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n oko yẹn ló rán mi níwèé, òun náà ló kọ́ ilé tí mò ń gbé. Mi ò lé ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo jẹ, mo sì yó. Ojú ń tì mí. Olùkọ́ wa ti kú, bàbá àgbà ti lọ, wọ́n ti la ọ̀nà tuntun gba Àtòsìn. Kòkó tí bàbá Àdùkẹ́ gbìn ṣì ń so.

Nígbà tí a jáde, mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ oko náà fún ọmọbìnrin mi.

Mo ní, "Òótọ́ lo sọ, kò tíì jẹ ńkankan. Kó tó hu eyín, ẹ bá mi wá Àdùkẹ́ lọ sí Ìwó, tàbí ọmọ rẹ̀. Ìdajì oko yẹn, tiwọn ni."